Jákẹ́ẹ̀tì Tí Mo Ta Lọ́fínńdà Sí

Iṣu ni mò ń bẹ lọ́wọ́ nínú kíṣìnì mi ní Peckham nígbà tí ọmọ-ọmọ mi wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ fún mi pé òun ń lọ sí Kánádà láti lọ gbin igi.

Mo ní, "Igi wo?"

Ó ní, "Igi igbó, Màmá. Wọ́n ti gé èyí tó wà níbẹ̀, iná sì ti jó òmíràn. Àwa la máa gbin tuntun."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Níbi tí wọ́n bí mi sí, kò sẹ́ni tó ń gbin igbó. Oko là ń gbìn, igbó ló máa ń wá gbà á padà lọ́wọ́ wa. Fi oko sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, kó o padà débẹ̀, igbó ti jókòó síbẹ̀ bí onílé, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Báwo lèèyàn ṣe máa wọ bàlúù kọjá òkun lọ gbin ohun tó ń hù fúnra rẹ̀? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe rí nìyẹn. Mo mú ọ̀bẹ mi, mo ń bá iṣu mi lọ. Kò yé mi, ṣùgbọ́n ebi kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá tó yéni.

Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, òní iṣẹ́ òwúrọ̀, ọ̀la iṣẹ́ alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe dàgbà sọ́wọ́ mi. Ó kàwé gboyè, ó ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì díẹ̀, ó ní ìjókòó ojú kan ń dá òun lágara. Ó ti tó ẹni tó ń wọlé ọkọ, ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ báyìí o.

Ó ra jákẹ́ẹ̀tì kan nítorí òtútù ibẹ̀, ó nípọn bíi tìmùtìmù. Èmi náà ro ohun tí mo lè ṣe sí i. N ò ní ìwé lórí, n ò mọ Kánádà, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà ìjọ wa. Aláṣọ funfun ni wá, Old Kent Road la wà, nínú ilé gàgàrà kan tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀. Mo gbé jákẹ́ẹ̀tì náà lọ síbẹ̀. A bọ́ bàtà, a tẹ́ ẹ síwájú pẹpẹ, àwọn ìyá ìjọ tan àbẹ́là yí i ká. A kọrin, a pàtẹ́wọ́, agogo ń dún, títí ẹnì kan fi rántí pé káńsù ti kìlọ̀ fún wa nípa ariwo. A dín ohùn kù. Lẹ́yìn náà la wọ́n lọ́fínńdà sí i.

Ẹni tí kì í ṣe ara wa lè máà mọ ohun tí lọ́fínńdà jẹ́ fún wa. Kì í ṣe oge. Òórùn dídùn la fi ń pe áńgẹ́lì sún mọ́ èèyàn, a sì gbà pé ibi tó bá wà, ohun búburú kì í fẹ́ dúró níbẹ̀. Bí a bá bí ọmọ tuntun, a ó lò ó. Bí ẹnì kan bá ń lọ sí ìrìn àjò, a ó lò ó.

Ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń tún ilé ìfowópamọ́ ṣe ní ìdájí kí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ tó dé. Mo mọ̀ pé òórùn kì í pẹ́ lára aṣọ tí èèyàn ń làágùn sí. Mo wá rẹ òwú sínú lọ́fínńdà tí a gbàdúrà sí, ó mu ún yó, mo fi ọ̀rá wé e, mo gbé òun àti jákẹ́ẹ̀tì lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Rye Lane. Alhája ni, ìyàwó ilé ìmàle tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onífóònù kan ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń gé ṣòkòtò kúrú, tó ń pààrọ̀ síìpù fún gbogbo ayé.

Mo ní, "Alhája, ẹ bá mi tú ìṣẹ́tí aṣọ yìí."

"Kí lẹ fẹ́ kì bọ̀ ọ́? Wúrà?"

"Òwú ni."

Ó tú ọ̀rá náà, ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó tún sín. "Hẹ̀n! Ìyá Aládùúrà! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa gbóòórùn ọmọ yìí láti Kánádà dé Mẹ́kà ni?"

"Ẹ ṣáà rán an."

"Màá rán an. Bí wọ́n bá bi mí lọ́run, màá ní ẹ̀yin lẹ bẹ̀ mí níṣẹ́."

Ó rán an, ó rán an dáadáa. Bí o bá fọwọ́ pa á, o ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Mo gbé jákẹ́ẹ̀tì lé ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́, mo ní kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ títí tí yóò fi padà wálé, mo sì ní kó máa ká a sábẹ́ orí bó bá ń sùn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ṣèlérí, Màmá." N kò sọ nǹkan kan fún un nípa òwú. Ohun tí a bá fi ṣọ́ ọmọ, a kì í máa nàka sí i.

Ó lọ. Ó dé ibẹ̀ láyọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè mí lórí fídíò láti ìlú kékeré kan tó sún mọ́ ibùdó wọn, ojú rẹ̀ ti pọ́n, fìlà wà lórí rẹ̀.

"Màmá, wọ́n tún kọ́ wa nípa béárì lónìí."

Béárì. Mo ti gbọ́ orúkọ ẹranko náà nínú ìwàásù rí. Mo rò pé ó ti bá àwọn ará àtijọ́ lọ.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ẹ wo fíríìjì yín."

Mo wò ó.

"Ó jù ú lọ. Ó sì yára ju bọ́ọ̀sì Old Kent Road lọ."

"Kí ni kò yára ju bọ́ọ̀sì Old Kent Road lọ?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ jàre. Bí èèyàn bá rí i, kò gbọdọ̀ sáré."

"Kó wá ṣe kí ni? Kó gun igi?"

"Ó mọ igi gùn. Kéèyàn máa rọra fẹ̀yìn rìn ni, kó máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Kó máa sọ pé kí ni?"

"Ohunkóhun. Kó ní, ẹ pẹ̀lẹ́ sà, à ń lọ nìyẹn."

"Ó gbọ́ Yorùbá?"

Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé oríṣi méjì ló wà. Bí èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú bá bá èèyàn lójijì tó sì kì í mọ́lẹ̀, kéèyàn dojú bolẹ̀, kó fọwọ́ bo ẹ̀yìn ọrùn, kó má mira. Bó bá jẹ́ dúdú ló gbéjà ko èèyàn, kéèyàn má sùn sílẹ̀ o, kó bá a jà tagbáratagbára.

Mo ní, "Bí ilẹ̀ bá ṣú ńkọ́, tí gbogbo wọn dúdú?"

"Màmá, kódà lójú ọ̀sán, dúdú míì máa ń pupa. Iké ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń wò, dúdú kò ní in."

"Ẹranko ń bọ̀ wá pa ọ́, o ní o máa wo iké ẹ̀yìn rẹ̀."

Gbogbo ohun tó ń sọ ló dorí kodò lójú mi. Ó ní bí àwọn bá ń rìn nínú igbó, ńṣe làwọn ń pariwo, àwọn ń kọrin, àwọn ń pàtẹ́wọ́, kí béárì lè mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀ kó sì yà fún wọn, nítorí òun náà kò fẹ́ rí wọn. Ẹni tó bá já lù ú lójijì ló ń bá jà. Bàbá mi ń dẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá wá àyè kúrò lóko. Bí a bá tẹ̀ lé e, ẹni tó bá hùn nínú wa, ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa fi dá a lóhùn. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la fi ń wọ igbó. Ṣé ẹranko Kánádà ni kò gbọ́n ni, àbí àwa ni?

"Wọ́n sì fún wa ní ata," ó ní.

"Ata?"

"Ata inú agolo. Ó wà ní ìbàdí mi. Bó bá ń bọ̀ wá bá wa, a ó fọ́n ọn sí i lójú."

Inú mi dùn. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, ata nìkan ló yé mi. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ máa fọ́n ọn yí àgọ́ ká kí ẹ tó sùn."

"Rárá o, Màmá! Ojú rẹ̀ nìkan. Bó bá wà nílẹ̀, òórùn rẹ̀ gan-an ló máa fà á wá. Ẹranko náà fẹ́ràn kó máa tọpa òórùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní àpótí irin, ó jìnnà síbi tí a ń sùn. Gbogbo ohun tó ń rùn la máa ń tì mọ́ ibẹ̀. Oúnjẹ, ọṣẹ, ọṣẹ ìfọyín, ìpara, kódà ọ̀rá súìtì. Àti…" Ó fọwọ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Jákẹ́ẹ̀tì rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Màmá."

"Ṣé o ò tíì fọ̀ ọ́?"

"Mi ò fọ̀ ọ́. Mo ṣèlérí fún yín ná."

"Ṣé o sì ń ká a sábẹ́ orí?"

Ó ní fóònù ń já, ọkọ̀ tó máa gbé àwọn padà sínú igbó ti dé, kò sì sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbẹ̀, ó di ọjọ́ ìsinmi kí òun tó tún pè. Ó juwọ́ sí mi. Ojú fóònù ṣókùnkùn.

Ẹnu mi ló béèrè ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì. Orí mi kò tíì dé ibẹ̀. Ìgbà tí mo dìde láti lọ gbé omi kaná, tí mo dé ọ̀dọ̀ fíríìjì tó ní kí n wò, ibẹ̀ ló ti yé mi. Òwú. Èmi ni mo fi ohun tó ń rùn jù lọ ní gbogbo Peckham sí abẹ́ orí ọmọ mi, mo rán an pa, mo sì gba ẹ̀jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó má fọ̀ ọ́. Bó bá tilẹ̀ ní ọgbọ́n láti fọ̀ ọ́, kò mọ̀ pé òwú wà níbẹ̀.

Mo wá rántí ohun kan tó yà mí lẹ́nu pé mo gbàgbé. Bí bàbá mi bá ń lọ dẹ̀gbẹ́, kì í fi ọṣẹ wẹ̀, kì í sì í pa òróró kankan sára. Ó máa ń sọ pé ẹranko ní imú. Mo mọ èyí láti kékeré. Mo sì mọ lọ́fínńdà láti ìgbà tí mo ti di ẹlẹ́wù funfun. Àwọn ìmọ̀ méjèèjì ń gbé nínú orí kan náà, wọn ò pàdé rí.

Mo lọ bá bàbá àgbà ìjọ wa. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní, "Ìyá, ohun tí a ti yà sí mímọ́ kì í pe ibi. Àfi kí ẹ mú ìgbàgbọ́ yín le." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ṣe àmín, mo jáde. Nígbà tí mo fi dé ibùdókọ̀, kò wọ̀ mí lára mọ́. Bí mo bá ní kí ọmọ mú òwú náà kúrò, ṣé kì í ṣe pé mo ń sọ pé àdúrà wa ló máa pa á? Bí n kò bá sì sọ ọ́, tí ẹranko náà bá tọ imú rẹ̀ wá? Bọ́ọ̀sì dé, n kò wọ̀ ọ́. Òmíràn dé, mo wọ̀ ọ́, mo sọ̀ ní Rye Lane.

Alhája ń tú síìpù ṣòkòtò kan. Mo ròyìn fún un. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n bi yín. Béárì yìí, ṣé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Rárá."

"Ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí?"

"Alhája."

"A jẹ́ pé kò mọ̀ pé àdúrà ni. Oúnjẹ ló máa pè é."

Mo ní, "Ẹ̀yin ṣáà ni ẹ ò gba lọ́fínńdà gbọ́."

"Ta ló sọ fún yín? Èmi náà ń sun tùràrí, òórùn dídùn ni mo máa ń fi lọ sí Jímọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n n ò lè fi wọ ilé ẹkùn." Ó na ọwọ́. "Nọ́ńbà àwọn tó gbà á síṣẹ́ dà?"

Nọ́ńbà náà wà. Ọmọ náà ti fi sínú fóònù mi kó tó lọ, ó ní bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀ o."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè?"

Òun ló bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò kọjá "good morning" àti "which bus." Obìnrin kan gbé e. Mo ń wo ẹnu Alhája, mo ń gbọ́ "coat," mo ń gbọ́ "cotton," mo ń gbọ́ "grandmother," ó tún wí "no, no, not goat." Ó bo fóònù mọ́ àyà.

"Ó ń béèrè pé ta ni ewu wà lórí rẹ̀. Mo ní jákẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ sọ fún un pé ọmọ mi ni!"

"Mo ti sọ. Ó ní ṣé òwú náà ṣì máa máa rùn títí di ìsinsìnyí."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní èmi ni mo rán an, títí di ọjọ́ àjíǹde ni."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa gidigidi, ó ní nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ́dọ̀ wọn, òun máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí wọ́n gbé wọ inú igbó. Alhája pa fóònù, ó ti awò ojú rẹ̀ padà.

"Ó kù kan o. Ó ní rédíò kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́."

Mo lọ sílé. Mo se ọbẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́. Mo gbé ìgò lọ́fínńdà mi, mo fẹ́ gbàdúrà fún un, mo tún gbé e sílẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá ṣí i ní Peckham, nǹkan kan máa gbọ́ ọ ní Kánádà. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ n kò ṣí i. Mo kàn jókòó, mo ń fi ẹnu lásán bẹ Ọlọ́run, bí ẹni tó gbàgbé èròjà kan nínú oúnjẹ tó ń sè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ọjọ́ ìsinmi wọn fi dé.

Ó pè. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé kí ojú rẹ̀ tó dé.

"Màmá! Ẹ ti dójú tì mí pátápátá! Gbogbo camp gbọ́! Lọ́fínńdà ni wọ́n ń pè mí báyìí, kódà ẹni tí kò lè pè é dáadáa."

Mo ní, "Ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà láàyè."

"Ó tán. Kí wọ́n máa pè ọ́ ní ohun tó bá wù wọ́n."

Ó wá sọ òótọ́ fún mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó débẹ̀ ni ọ̀gá wọn ti gbóòórùn jákẹ́ẹ̀tì náà láti ẹnu ọ̀nà, ó ní kó lọ tì í mọ́ inú àpótí irin. Kò fi sábẹ́ orí rí, kódà fún alẹ́ kan. Kò fẹ́ sọ fún mi kí inú mi má bà á bàjẹ́.

Ara mi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan míì sọ sí mi lọ́kàn.

"Kí lo wá ń wọ̀ nínú òtútù?"

Ó gbé ojú kúrò lára fóònù.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Súwẹ́tà, Màmá. Mo máa ń wọ̀ ọ́ lé ara wọn. Wọ́n ní bí mo bá fọ jákẹ́ẹ̀tì dáadáa, mo lè máa wọ̀ ọ́. Mo sọ fún wọn pé mo ti ṣèlérí fún Màmá mi."

Mo rò pé béárì nìkan ni mo fà á lé lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé mo fà á lé òtútù lọ́wọ́ pẹ̀lú, àti pé ẹ̀jẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń mú un mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Mo ní, "Béárì ò sì wá?"

"Ọ̀kan wá. Òwúrọ̀ la rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó hú ilẹ̀ yí àpótí ká, èékánná rẹ̀ ha ara irin náà, kò rí i ṣí."

"Ṣé nítorí jákẹ́ẹ̀tì ni?"

"A ò mọ̀, Màmá. Oúnjẹ gbogbo wa wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹja gbígbẹ tẹ́ ẹ dì fún mi náà."

Mo ní, "Fọ̀ ọ́."

"Màmá?"

"Mo ní kó o fọ̀ ọ́. Mo tú ọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ́ yẹn. Tú ìṣẹ́tí rẹ̀, yọ òwú náà, fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí imú kò fi ní rí nǹkan kan gbọ́ mọ́, kó o sì wọ̀ ọ́."

Ó ní ó dáa. Ó ní ọṣẹ tí kò ní òórùn kankan làwọn ń lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé, "Òwú náà ńkọ́? Kí n sọ ọ́ nù?"

Ìyẹn náà rú mi lójú. Ohun àdúrà kì í wọ inú ìdọ̀tí. Mo bi í bóyá ó lè sun ún, ó ní wọ́n ti fòfin de iná dídá nínú igbó lásìkò yìí. Mo bi í bóyá ó lè rì í mọ́lẹ̀, ó ní béárì máa hú u. Ìkẹyìn rẹ̀, a fẹnu kò pé kó fi ọ̀rá wé e dáadáa, kó fi sínú àpótí irin náà, kó wà níbẹ̀ láàárín ìrẹsì àti ọṣẹ ìfọyín àwọn òyìnbó, títí yóò fi gbé e padà wálé fún mi.

Kó tó lọ, mo bi í pé kí ló ń fi pariwo nínú igbó. Ó ní orin ìjọ wa ni. Òun ló ń dá a, ọmọbìnrin tí àwọn jọ ń gbin igi ń gbè é, kò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí àtẹ́wọ́ ti ń wọlé. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n túbọ̀ gbé e sókè. Mo rántí káńsù. Níhìn-ín wọ́n ní ẹ dákẹ́, lọ́hùn-ún wọ́n ní ẹ pariwo, orin kan náà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e nínú ìjọ, bàbá àgbà ní kí n dìde jẹ́rìí pé ọmọ mi bọ́ lọ́wọ́ ẹranko búburú. Mo dìde. Mo fẹ́ sọ pé àdúrà ni. Mo fẹ́ sọ pé àpótí irin ni. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó ṣeé ṣe kí òórùn kan náà máa pe ẹni méjì. Mo ní, "Ọmọ mi wà láàyè, ẹ bá mi dúpẹ́," mo sì jókòó.

Ọmọ náà fi fọ́tò ránṣẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì ló wà lórí okùn láàárín igi méjì, ó ń gbẹ, ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu. Mo gbé e lọ fi han Alhája. Ó gbà á, ó sún un mọ́ ojú.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe ya iṣẹ́ mi! Ọ̀bẹ ni wọ́n fi tú u! Ẹ sọ fún un kó gbé e wá bó bá dé, ọ̀fẹ́ ni màá tún un ṣe. Òwú kankan ò sì ní wọ ibẹ̀ mọ́ o, Ìyá, ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn igi tó wà lẹ́yìn aṣọ náà ni mò ń wò, wọ́n ga, wọ́n pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, mo sì ń rò ó bóyá ẹnì kan ló gbin ìwọ̀nyẹn, àbí wọ́n hù fúnra wọn.